Ewéko Omi, Ẹlẹ́rìí Májèlé

Ọ̀nà kò jìn láti Adó-Èkìtì dé Ìgèdè. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn ín ní àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò ti dé ibẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ní ilẹ̀ Ìgèdè yìí ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, tí ó ń gba àwọn odò kéékèèké mọ́ra, títí ó fi dé Òṣogbo àti Ẹdẹ, tí ó sì yí orí sí gúúsù tí ó fi já sí Ọ̀sà Lẹ́kì ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Láti Ọ̀sà Lẹ́kì ni omi náà ti ń bá ti Ọ̀sà Èkó lọ, tí gbogbo rẹ̀ sì ń bọ́ sínú òkun. Nítorí náà, ará Èkìtì tí kò fi ojú rí òkun rí láyé rẹ̀ ti ń fi omi ránṣẹ́ sí òkun lójoojúmọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá sì wà nínú omi náà, ó ń bá a lọ.

Nínú ohun tí omi ń gbé lọ, àwọn kan wà tí ojú ń rí: ewé gbígbẹ, ẹrẹ̀, ọ̀rá tí àwọn ènìyàn jù sínú gọ́tà, àti epo tí ó ń dán lójú omi bí òṣùmàrè lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ ilẹ̀ àwọn mẹkáníìkì. Àwọn wọ̀nyí ń bí ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n wọn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọn mìíràn wà tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́ òórùn wọn, tí ahọ́n kò sì mọ̀ wọ́n nígbà tí a bá ń mu omi. Nínú irú àwọn wọ̀nyí ni àwọn irin wúwo wà.

Irin wúwo ni orúkọ tí a fi ń pe òjé, mẹ́kúrì, kádímíọ̀mù, bàbà, síǹkì àti irú wọn, nítorí pé wọ́n tẹ̀wọ̀n púpọ̀ ju bí wọ́n ti tóbi lójú lọ. Lítà omi kan wọn kílógíráàmù kan. Lítà mẹ́kúrì kan wọn kílógíráàmù 13.5. Àwọn kan nínú wọn kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Òjé ni àwọn olùsìn Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ láti ayébáyé, bàbà náà sì ti wà ní ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wa kí òyìnbó tó dé. Mẹ́kúrì ní tirẹ̀ jẹ́ irin tí kò gbà láti dì: ó funfun bí fàdákà, ó sì ń yí kiri bí ìrì lórí ewé kókò. Bàbà àti síǹkì, níwọ̀nba díẹ̀, wúlò fún ara ènìyàn àti fún ewéko. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù ni wọ́n ń di ìyọnu. Ṣùgbọ́n òjé, mẹ́kúrì àti kádímíọ̀mù kò ní iṣẹ́ rere kankan tí wọ́n ń ṣe nínú ara ènìyàn. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, a sì máa dín òye rẹ̀ kù. Mẹ́kúrì a máa ba iṣan ara jẹ́, títí ọwọ́ yóò fi máa gbọ̀n tí ojú yóò sì di bàìbàì. Kádímíọ̀mù a máa kọlu kíndìnrín àti egungun.

Ohun tí ó mú wọn burú ju ìdọ̀tí yòókù lọ ni pé wọn kì í jẹrà. Ewé tí ó bọ́ sódò yóò rà, yóò sì di oúnjẹ fún ohun mìíràn. Ìgbẹ́ ẹran pàápàá, bí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá rí àyè lára rẹ̀, yóò di ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òjé tí ó wọ inú ẹrẹ̀ odò ní ọdún yìí, òjé náà ni yóò ṣì jẹ́ nígbà tí ọmọ-ọmọ ẹni tí ó dà á síbẹ̀ bá dàgbà. Ó lè kúrò ní ibì kan lọ sí ibòmíràn, ó lè ti inú ẹrẹ̀ bọ́ sínú ẹja, kí ó sì ti inú ẹja bọ́ sínú ènìyàn, ṣùgbọ́n kò ní parẹ́.

Ìwọ̀n tí ó lè pa ènìyàn lára kéré jọjọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé òjé kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà omi mímu kan, ìwọ̀n kan náà ni Nàìjíríà sì fi lélẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìṣirò wò ó, yóò rí i pé gíráàmù òjé kan ṣoṣo, bí ó bá yọ́ tán, tó láti mú 100,000 lítà omi dé ààlà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, tí àwọn tí ń tún bátìrì ṣe ń tú palẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ní òjé tí kì í ṣe gíráàmù bí kò ṣe kílógíráàmù mélòó kan nínú. Kì í sì ṣe inú omi nìkan ni òjé ti ń wá. Tìróò tí àwọn ìyá ń lé sí ojú ọmọ tuntun fún ẹwà, òkúta olójé ni a ń lọ̀ ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2011, ní ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n ń lé tìróò tí ó ti Nàìjíríà wá fún. Nígbà tí wọ́n sì yẹ tìróò náà wò, òjé ni ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé: bí májèlé bá wà nínú omi, kí a bu omi náà, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Omi ń ṣàn. Èyí tí a bù ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kò mọ ohun tí a dà sódò ní òru Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí èyí tí a dà síbẹ̀ lóru ti lọ jìnnà. Òjò kan ṣoṣo lè bu omi la májèlé títí ẹ̀rọ kò fi ní rí i mọ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ sì lè fún un pọ̀ títí ẹ̀rù yóò fi bani. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ nípa omi nìkan yóò ní láti máa bu omi tọ̀sán-tòru ní gbogbo ọjọ́ ọdún. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wá ẹlẹ́rìí tí kì í kúrò lójú kan, tí ń mu omi náà lọ́sàn-án àti lóru, tí ó sì ń fi ohun tí ó mu pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ewéko inú omi ni irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin ń wọ ara ewéko, títí ìwọ̀n tí ó wà nínú ewé tàbí gbòǹgbò yóò fi di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún tàbí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún èyí tí ó wà nínú omi tí ó yí i ká. Ohun tí ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nínú omi, yóò rí i kedere nínú ewé.

Ní etí òkun, ẹlẹ́rìí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni koríko òkun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ewédò ni, èyí tí ń yọ̀ lórí òkúta. Koríko òkun jẹ́ ojúlówó ewéko: ó ní gbòǹgbò, ó ní ewé, ó ń tan òdòdó, ó sì ń so èso, ṣùgbọ́n abẹ́ omi iyọ̀ ni ó ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ tó bí 70 ní gbogbo ayé. Ó ń tẹ́ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun tí kò jìn púpọ̀, bí pápá ọ̀dàn, àwọn ẹja sì ń sá pamọ́ sínú rẹ̀, ìjàpá òkun sì ń jẹ ẹ́. Ọ̀nà méjì ni irin ń gbà wọ inú rẹ̀: ewé rẹ̀ ń fà á láti inú omi, gbòǹgbò rẹ̀ ń fà á láti inú ẹrẹ̀. Nítorí náà ẹ̀rí méjì ni ó ń jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé kì í pẹ́ ju oṣù mélòó kan lọ kí ó tó já, ohun tí ó bá sì wà nínú rẹ̀ jẹ́ ìròyìn àìpẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ tí ó ń rá nínú ilẹ̀, tí ó dà bí ti atalẹ̀, a máa pẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, ìròyìn àtijọ́ sì ni tirẹ̀.

Nínú Òkun Mẹditaréníà ni a ti kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rí yìí ti lè jinlẹ̀ tó. Irú koríko òkun kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Posidonia oceanica. Bí ewé rẹ̀ bá já, ìdí ewé náà kì í já. Ó ń dúró lára igi rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdí imọ̀ ti ń dúró lára ọ̀pẹ lẹ́yìn tí a bá ti gé imọ̀ náà kúrò. Àwọn ìdí ewé wọ̀nyí kò nípọn bákan náà: nínú ọdún kan, wọn yóò fẹ́lẹ́, wọn yóò sì tún nípọn, lọ́dọọdún bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ tí ó bá fi sùúrù kà wọ́n yóò mọ èyí tí ó hù ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn àti èyí tí ó hù ní ogún ọdún sẹ́yìn. Bí ó bá wá wọn mẹ́kúrì tí ó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn, ó ti ka ìtàn òkun náà lọ́dọọdún bí ẹni tí ń ka ìwé àkọsílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó kọ ìwé náà tẹ́lẹ̀. Ní etíkun Faransé àti ti Ítálì, wọ́n ti fi ọ̀nà yìí mọ ìgbà tí mẹ́kúrì pọ̀ nítòsí àwọn ìlú ńlá àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń lò ó, àti ìgbà tí ó dínkù. Ilé-iṣẹ́ lè jó ìwé rẹ̀ níná. Kò lè jó ti koríko.

Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, koríko òkun pọ̀ ní Moritáníà, ní Banc d'Arguin tí a sọ di ọgbà ìpamọ́ ní 1976, ó sì wà ní Sẹ̀nẹ̀gà pẹ̀lú. Etíkun tiwa kò bá a lára mu: ìgbì òkun le níbẹ̀, ẹrẹ̀ tí àwọn odò ńlá ń gbé wá kì í sì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn dé ìsàlẹ̀ omi dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni koríko òkun kò lè gbé láìsí ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà, inú ọ̀sà àti inú odò ni a ní láti wá ẹlẹ́rìí tiwa sí. Kò sì ṣòro láti rí.

Àwọn àgbà máa ń wúre pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ìwúre náà fi àwọn méjèèjì sí ipò kan, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rí, ipò wọn kò dọ́gba. Ojú oró ń léfòó ni. Gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ sínú omi bí irùngbọ̀n, kò sì kan ilẹ̀. Ohun tí ó wà nínú omi ni ó mọ̀. Òṣíbàtà ní tirẹ̀ ta gbòǹgbò rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, ó sì na ọrùn gígùn sókè kí ewé rẹ̀ tó tẹ́ sójú omi. Ohun tí ó wà nínú ẹrẹ̀ kò pamọ́ fún un. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni pé òṣíbàtà kì í rìn. Bí a bá já a níbi afárá kan, ẹ̀rí ibi afárá yẹn ni ó ń jẹ́. Ojú oró lè ti òkè odò wá lánàá. Afẹ́fẹ́ àti omi ń gbé e kiri, ẹ̀rí rẹ̀ sì lè jẹ́ ti ibòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ojú oró gbọ́dọ̀ mú un níbi tí omi ti rọlẹ̀, níbi tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń hù.

Ẹnìkẹta wọn jẹ́ àjèjì. Ní 1984 ni ewéko kan tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò gba ojú omi láti ilẹ̀ Olómìnira Benin wọ àwọn omi ìhà Badagry, kò sì pẹ́ tí ó fi bo ọ̀sà láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Water hyacinth ni àwọn olóyìnbó ń pè é. Ó lè di ìlọ́po méjì nínú ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, ó ya àwọ̀n àwọn apẹja, orúkọ burúkú kò sì wọ́n án lẹ́nu àwọn tí omi ni oko wọn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ewéko omi, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí ń fa irin mu tó o. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó pọ̀ bí ìrù ẹṣin, inú gbòǹgbò yìí sì ni irin ń kó sí ju inú ewé lọ. Àwọn onímọ̀ ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa ti fi í ṣe àyẹ̀wò ọ̀pọ̀ omi. Ó dà bí àlejò tí kò rí ìwà hù, ṣùgbọ́n tí kì í parọ́ bí a bá pè é sí kóòtù.

Odò Ọ̀ṣun nílò irú ẹlẹ́rìí wọ̀nyí lónìí ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Wúrà wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní ìhà Iléṣà, Ìtàgúnmódì àti Ìfẹ́wàrà, àwọn awakùsà sì pọ̀ níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn láìgba ìwé àṣẹ. Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ etí omi, wọ́n ń fọ yanrìn rẹ̀ nínú omi, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣàn lọ. Omi Ọ̀ṣun tí ó ti ń mọ́ tẹ́lẹ̀ wá di pupa rúsúrúsú bí omi tí a fi fọ amọ̀. Ẹrẹ̀ nìkan ì bá ṣe é fara dà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn awakùsà kéékèèké fi ń kó wúrà jọ ní ọ̀pọ̀ ibi láyé ni pé wọ́n ń po mẹ́kúrì mọ́ yanrìn wúrà. Mẹ́kúrì yóò di mọ́ wúrà, wọn yóò wá yan án lórí iná, mẹ́kúrì yóò fò lọ bí èéfín, wúrà yóò sì ṣẹ́kù. Èéfín náà kò lọ sí ọ̀run. Òjò ń mú un padà wá sílẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ odò, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí a máa sọ mẹ́kúrì di irú mìíràn tí ó burú ju ti ìṣáájú lọ. Kòkòrò omi ń jẹ ẹ́, ẹja kékeré ń jẹ kòkòrò omi, ẹja ńlá ń jẹ ẹja kékeré, ní orí ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìgbàgbọ́ àti àṣà pẹ̀lú. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà nínú àwọn ibi àjogúnbá tí UNESCO kà sí ti gbogbo ayé láti 2005, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń lọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún. Wọ́n ń wẹ̀ nínú omi náà, wọ́n ń mu ún, wọ́n sì ń bu ú lọ sílé fún aboyún àti fún ọmọ. Àwọn àyẹ̀wò tí a tẹ̀ jáde nígbà náà sọ pé irin wúwo wà nínú omi náà ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ wá síbi ọdún pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Ìkìlọ̀ tí ó wúwo ni: kí a sọ fún olùfọkànsìn pé omi ìyá rẹ̀ kò ṣe é mu.

Ẹni tí ó bá ń bèèrè ìdí tí a fi ní láti yọ ara wa lẹ́nu nípa ewé, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbi tí kò ti sí ẹni tí ó wo ewé. Ní Minamata ní ilẹ̀ Japan, ilé-iṣẹ́ kan ń da omi ẹlẹ́gbin tí ó ní mẹ́kúrì sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ológbò ìlú náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí wọ́n sì ń kú, nítorí wọ́n ń jẹ ẹja. Ní 1956 ni wọ́n gbé àwọn ọmọdé dé ilé ìwòsàn tí wọn kò lè rìn mọ́ tí ọ̀rọ̀ wọn sì ń lọ́. Ó di 1968 kí ìjọba tó jẹ́wọ́ pé mẹ́kúrì ilé-iṣẹ́ náà ni; àwọn tí wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláìsàn àrùn náà sì lé ní 2,000. Ní ilẹ̀ tiwa, ní Zamfara ní 2010, òkúta wúrà tí àwọn ènìyàn ń lọ̀ nínú agbo ilé wọn ní òjé púpọ̀ nínú. Gìrì ń mú àwọn ọmọdé, wọ́n ń kú, àwọn òbí wọn sì rò pé ibà ni. Ó lé ní 400 ọmọ tí ó bá a lọ. Ní Minamata àti ní Zamfara, ara ọmọdé ni ó jẹ́ ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu májèlé kí á tó mọ̀ pé ó wà, ó sàn kí ó jẹ́ òṣíbàtà.

Bí a ti ń gba ẹ̀rí náà lẹ́nu ewéko kì í ṣe iṣẹ́ àwo, bí ó tilẹ̀ gba ìṣọ́ra. A ó já ewéko náà ní ojú ibi tí a ti yàn, a ó sì kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀. A ó fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí ẹrẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lè ní irin tirẹ̀ nínú, tí yóò sì sọ ẹ̀rí di èké. A ó ya gbòǹgbò sọ́tọ̀, a ó ya ewé sọ́tọ̀. A ó sá wọn nínú ààrò ilé àyẹ̀wò títí ìwọ̀n wọn kò fi ní dínkù mọ́, a ó lọ̀ wọ́n kúnná bí èlùbọ́, a ó sì fi ásíìdì tí ó gbóná yọ́ wọn títí wọn yóò fi di omi. Omi yìí ni a ó fọ́n sínú iná ẹ̀rọ kan, a ó sì tan ìmọ́lẹ̀ gba inú iná náà kọjá. Irin kọ̀ọ̀kan ní irú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tí ó ń gbé mì. Òjé kì í gbé ti bàbà mì, bàbà kì í sì í gbé ti òjé mì. Bí ìmọ́lẹ̀ tí ó sọnù bá ti pọ̀ tó ni irin tí ó wà níbẹ̀ ti pọ̀ tó. Alan Walsh, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà, ni ó fi ọ̀nà yìí lélẹ̀ ní 1955.

Ṣùgbọ́n iye tí ẹ̀rọ bá kọ kò tíì ní ìtumọ̀ títí a ó fi ní ohun tí a ó fi wé e. Bí a bá rí òjé nínú òṣíbàtà Òṣogbo, a kò lè mọ̀ bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré àyàfi bí a bá mọ iye tí ó wà nínú irú òṣíbàtà kan náà, ní àkókò kan náà, ní òkè odò níbi tí àwọn awakùsà kò tíì fọwọ́ kàn. Níhìn-ín ni Èkìtì ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ Ìgèdè wà ní òkè gbogbo ibi ìwakùsà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà; ewéko orísun Ọ̀ṣun ni a lè fi ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí, síbẹ̀, pé orísun náà kò mọ́ láìní àléébù. Ilẹ̀ wa pupa nítorí irin tí Olódùmarè dá mọ́ ọn, irin yìí yóò sì hàn nínú ewéko láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀. Èkìtì sì jẹ́ ilẹ̀ kòkó: ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fọ́n oògùn tí a fi bàbà ṣe sára kòkó nítorí àrùn tí ń sọ èso rẹ̀ di dúdú. Bí bàbà bá pọ̀ nínú ewéko odò wa, inú oko ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ òjé ni ó pọ̀ nínú èyí tí a já nísàlẹ̀ odò Ureje lẹ́yìn tí ó gba àárín Adó kọjá, tí kò sì pọ̀ nínú èyí tí a já lókè rẹ̀, a mọ̀ pé kì í ṣe àgbẹ̀ kòkó ni a ó lọ bá. Àwọn bátìrì àti ààtàn ìlú ni a ó yẹ̀ wò.

Kò yẹ kí a gbà pé àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: níwọ̀n ìgbà tí ẹnìkan bá ṣì ń da májèlé sí òkè odò, ewéko ìsàlẹ̀ odò kò ní dákẹ́. Bí a bá ń já òṣíbàtà níbì kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fún ọdún mélòó kan, àwa náà yóò ní ìwé ìtàn tí ó jọ ti àwọn ará Mẹditaréníà, a ó sì mọ̀ bóyá òfin tí a ṣe fún awakùsà ń ṣiṣẹ́ tàbí ẹnu lásán ni. Ilé-ìwé tí ó bá wà lẹ́bàá odò lè kó ewéko náà jọ kí ó sì sá a gbẹ. Yunifásítì tí ó ní ẹ̀rọ ni yóò ṣe ìyókù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, nípa ìgbẹ̀yìn ẹlẹ́rìí náà fúnra rẹ̀. Ewéko tí ó ti mu irin kò pa irin náà run. Ó kàn gbé e sínú ara ni. Àwọn kan ń fi àjèjì olódòdó ọ̀sà bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, àwọn mìíràn ń fi í ṣe ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́. Níbi tí omi ti mọ́, kò burú. Níbi tí omi ti ní òjé, òjé náà ni wọ́n ń gbé padà wá sórí àwo oúnjẹ. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò kó, omi ń gbé e lọ sí ìsàlẹ̀. Nínú Ọ̀sà Lẹ́kì, níbi tí omi kò ti níyọ̀, yóò máa gbèrú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé Ọ̀sà Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi òkun bá wọlé pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀, ewé rẹ̀ yóò pọ́n, yóò rọ, yóò sì rì. Ibẹ̀ ni yóò ti jẹrà nínú ẹrẹ̀, tí irin tí ó ti gbé láti ọ̀nà jíjìn yóò sì tún bọ́ sílẹ̀, ní ibi tí àwọn akàn àti ẹja ti ń wá oúnjẹ wọn.